Òórùn, oorun, oòrùn: oṣù 8 pẹ̀lú àpótí ìgò mẹ́fà

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí náà pé òórùn inú rẹ̀ á fún mi ní oorun. Wọn ò purọ́ tán. Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ni pé oòrùn á bá wa dá sí i. Bí èèyàn ò bá fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ṣe ni wọ́n máa ń jọra, ṣùgbọ́n ọrùn mi ti mọ ìyàtọ̀ wọn báyìí. Màá débẹ̀.

Ohun tí mo rà nìyí. Ìgò kéékèèké mẹ́fà, milílítà 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: lavender, peppermint, eucalyptus, tea tree, lẹ́mọ́nì àti ọsàn mímu. Essential oil ni wọ́n ń pe irú òróró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan bá wọn wá, diffuser, tó ń gba omi milílítà 100, tó sì ń sọ omi náà di kùrukùru olóòórùn dídùn. Èyí tó kẹ́yìn ni ìwé pélébé kan tó ní ọ̀nà 40 ni òróró yìí lè gbà tún ilé ẹni ṣe. N ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mo ti yẹ àpótí àwọn mìíràn wò lẹ́yìn náà, ìwé inú wọn sì jọ tèmi bí ìbejì.

Èèyàn mẹ́rin àti ológbò kan ló ń gbé inú ilé wa: èmi, ọkọ mi tí àsímà ń bá fínra, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 4, àti màámi tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, nítorí náà n kì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi tí mo bá fi báírò tẹ̀lé e ní ìlà-ìlà. Láàárín oṣù 8 yìí mo ti fi báírò pupa fagi lé 17 nínú ọ̀nà 40 wọn. Òróró ni mo sanwó fún lóòótọ́, àmọ́ ìwé yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Orúkọ náà, òróró, ló kọ́kọ́ tàn mí. Mo rò pé ohun tí mo rà bá àdí àgbọn tan. Mo kán lavender kan sórí bébà funfun, mo kán àdí àgbọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ojú ibi tí mo kán àdí sí ń dán pẹ̀lú ọ̀rá. Ti lavender ti fò lọ, bébà gbẹ bí ẹni pé nǹkan kan ò kàn án rí. Ohun tó máa ń fò jáde lára ewé nígbà tí a bá fi ọwọ́ rún un, tó wá ń wọ imú wa, òun ni wọ́n kó jọ sínú ìgò. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń lé e jáde nínú ewé tàbí òdòdó. Bí ooru náà bá tutù, òróró á léfòó sórí omi. Ti ọsàn àti lẹ́mọ́nì ò gba iná ní tiẹ̀, èèpo wọn ni wọ́n sábà máa ń fún. Ewéko tó ń bá iṣẹ́ yìí lọ kò kéré rárá. Kí òróró rósì tó pé kílò 1, òdòdó tó tó tọ́ọ̀nù 3 sí 4 ni wọ́n á sè. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo tó yé fojú ewé wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Agbára odindi ẹrù ewé ni wọ́n kì bọ inú ìgò tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìwé wọn ò sọ èyí níbì kankan. "Ohun àdáyébá ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan" ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Oró ejò náà, ohun àdáyébá ni.

Ìgò wọn dára. Gíláàsì aláwọ̀ oyin tó ṣú ni, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba òróró yìí jẹ́. Wọ́n kọ orúkọ ewéko sí i ní èdè Látìnì, mo sì kọ́kọ́ rò pé àṣehàn ni. Kì í ṣe àṣehàn. Lára tea tree, wọ́n kọ Melaleuca alternifolia. Lára peppermint, Mentha piperita. Nígbà tí mo dé orí lavender, Lavandula nìkan ni mo bá, wọ́n gbé ìyókù mì. Lavandula angustifolia ni èyí tí gbogbo èèyàn ń wá fún oorun. Àdàlù ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní lavandin, òróró tó ń jáde lára rẹ̀ pọ̀ jù, kò wọ́n tó lavender gidi, káńfọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti lavender gidi lọ. Mo ṣí ìgò náà, mo fi imú kàn án, bí ẹni ṣí àpótí aṣọ àtijọ́ ló rí. Mi ò lè búra pé lavandin ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ojúlówó kò yẹ kó máa kọ ààbọ̀ orúkọ.

Gbogbo ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n kọ "therapeutic grade" sí, pé ó tó fi wosàn. Ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni. Kì í ṣe òǹtẹ̀ ìjọba, àwọn tó ń tà á ló ń fi dá ara wọn lọ́lá, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ máàkì ìdánwò ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ rí ni nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ á tán, àti bóyá wọ́n á fi ìwé àyẹ̀wò láàbù, GC-MS, tó ń sọ ohun tó wà nínú òróró, hàn mí. Nọ́ńbà wà. Ọjọ́ wà. Nígbà tí mo kọ̀wé béèrè àyẹ̀wò láàbù, àwòrán òdòdó ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọrùn mi. Ọ̀nà 11 ní kí n kán lẹ́mọ́nì sí ẹ̀yìn etí àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn dípò lọ́fíńdà. (Lọ́fíńdà tí à ń pe gbogbo omi olóòórùn dídùn yìí náà, inú orúkọ lavender ló ti wá. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé wa tipẹ́.) Mo kán an bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan là á, mo fi ìka fà á sọ̀kalẹ̀ lọ́rùn, mo sì gbé bàsíà aṣọ jáde lọ sá ní ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn mi pọ́n, ó ń ta mí bí ibi tí omi gbígbóná bọ́ sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti lé ròrò, ojú ibi tí ìka mi gbà kọjá gan-an ló sì hàn, bí ẹni fi rúlà fà á. Àpá dúdú tó fi sílẹ̀ bá mi jókòó fún ọ̀sẹ̀ 7.

Dókítà awọ ara wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè bóyá mo fi lẹ́mọ́nì para. Nínú èèpo lẹ́mọ́nì, ọsàn wẹ́wẹ́ àti bergamot (irú ọsàn kan), èròjà kan wà tó ń jẹ́ furanocoumarin. Bó bá wà lára ẹni, kò ní ṣe nǹkan kan títí oòrùn á fi ràn sí i. Ìtànṣán oòrùn ló ń jí i, á wá máa jó awọ ara. Bí wọ́n bá fún òróró náà láti ara èèpo, èròjà yìí wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ooru omi ni wọ́n fi yọ ọ́, kò sí níbẹ̀, tàbí kó má ju bíńtín lọ. Ti ọsàn mímu ò ní wàhálà yìí ní tiẹ̀. Ẹni tó bá ti fi lẹ́mọ́nì tí wọ́n fún pa ara, kó sá fún oòrùn fún wákàtí 12 ó kéré tán. Gbólóhùn kan péré ni ìwé náà nílò láti gbà mí sílẹ̀, kò sì sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán náà tún ń bí mi nínú, bóyá torí iṣẹ́ mi. "Ẹ kán ẹ̀kán 10 sí i." Sí ohun tó pọ̀ tó báwo? Ẹ̀kán tó tóbi tó báwo? Mo ra sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, mo jókòó sídìí tábìlì, mo ń kà. Ẹ̀kán 20 sí milílítà 1 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà á sí. Peppermint tèmi gba 26, lẹ́mọ́nì gba 31. Bí ihò ike tó wà lẹ́nu ìgò bá ṣe tóbi sí, àti bí òróró bá ṣe ki sí, ni ẹ̀kán á ṣe tóbi sí. Látìgbà náà, bó bá jẹ́ ohun tó máa kan ara, mo ti fi ẹ̀kán sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é ní eré, milílítà ni mo ń wọ̀n. Milílítà 0.3 nínú milílítà 30 àdí àgbọn tàbí òróró ólífì, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, òun náà ni mo ń lò fún ara àgbàlagbà. Fún awọ ojú, ìdajì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi kékeré kan, bí orúnkún, mo lè gbé e dé ìdá 2. Ti ọmọ mi, òdo. Kí n tó lo àdàlù tuntun kankan, mo máa ń fi díẹ̀ sí inú ìgúnpá, màá fi nǹkan bò ó, màá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá yún mi, tó bá pọ́n, èmi àti ọ̀hún ti parí nìyẹn.

Mi ò tíì mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ tí mo ka Ọ̀nà 23: "Ẹ kán peppermint 10 sínú omi ìwẹ̀ kí ara yín lè jí." Ara mi jí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún wọn pé òróró àti omi ń gbọ́ ara wọn? Gbogbo ẹ̀kán mẹ́wàá léfòó sórí omi, wọ́n ń dúró dè mí. Bí mo ṣe jókòó sínú bàfù, wọ́n yí mi ká bí ìgbànú, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí mi ò ní dárúkọ fún yín. Otútù ló kọ́kọ́ mú mi. Ìṣẹ́jú kan kò pé tó fi di iná. Mo fò dìde, mo ṣí omi sí i, ó burú sí i, torí omi kò lè ṣí i nípò, ńṣe ló kàn ń tì í kiri ara mi. Màámi ló ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Fi àdí pa á kí o tó fọṣẹ sí i!" Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àdí fà á mọ́ra, ọṣẹ kó àwọn méjèèjì lọ. Mi ò mọ ibi tí màámi ti kọ́ ọ, mi ò sì ní agbára láti béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí èèyàn bá fẹ́ òórùn nínú omi ìwẹ̀, inú ọṣẹ olómi tí kò lóòórùn ni kó ti kọ́kọ́ pò ó, kó tó dà á sómi. Peppermint kò sí lára ohun tó yẹ kó wọ omi ìwẹ̀ láyé. Báírò fà mí lọ́wọ́ débi tí Ọ̀nà 23 fi ya.

Ọ̀nà 4, 5 àti 6, mímu ni wọ́n. Lẹ́mọ́nì nínú omi láàárọ̀, peppermint lórí ahọ́n, àti ọsàn mímu kí inú lè fọ̀. Ẹ̀kọ́ inú bàfù ti tó mi: ohun tó léfòó yìí ni èèyàn máa fi ẹnu àti ọ̀fun gbà ní kíkan bẹ́ẹ̀. Mo kán ọsàn mímu díẹ̀ sínú ife fóòmù funfun kan láti wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí ife náà níṣojú mi, títí ó fi dá ihò sí i. Mo gbé ife náà fún ọkọ mi, ó wò ó, ó sì dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé peppermint oníhóró wà fún àwọn tí ìfun ń dà láàmú, àmọ́ oògùn nìyẹn, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti fi nǹkan bò ó kó má tú títí á fi dé ìfun. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí à ń kán láti inú ìgò. Ohun tí àwọn tó ń tà á lè fi ẹnu wọn sọ kò sì ní òpin. Ní 2014, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní láti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń polówó òróró yìí pé ó ń wo Ebola.

Èyí tí mi ò lè fi ṣàwàdà ni ti ọmọ. Ọ̀nà 17 ní kí á fi eucalyptus pa àyà ọmọ tí imú rẹ̀ dí. Èròjà tó pọ̀ jù nínú eucalyptus, cineole, milílítà díẹ̀ péré bí ọmọdé bá gbé e mì lè mú un sùn lọ, kó dá gìrì sí i lára, kó sì ba mímí rẹ̀ jẹ́. Peppermint lẹ́bàá imú ìkókó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ìdérí ìgò wọn wá ńkọ́? Yíyí lásán ni. Oògùn ikọ́ tó wà lórí pẹpẹ wa, àfi kéèyàn tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè yí i, màámi gan-an kì í lè ṣí i. Ti eucalyptus yìí, ọmọ ọdún 4 ṣí i nígbà tí mo yíjú sí ìkòkò. Ó ti gbé e dé ètè, ahọ́n rẹ̀ ti yọ. "Mọ́mì, ó ń rùn bí ìpara ìyá àgbà."

Mo já a gbà. Kò tíì kàn án lẹ́nu, ìgò ṣì kún, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo pe nọ́ńbà àwọn tó ń dáhùn lórí ọ̀rọ̀ májèlé. Obìnrin tó gbé e fi sùúrù bi mí léèrè orúkọ òróró, iye tó dín, bí ọmọ ṣe wúwo tó, bóyá ó ń wúkọ́, bóyá oorun ń kùn ún. Ó wá sọ fún mi pé, "Ìyá, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ má ṣe fipá mú un bì o." Bí ọmọ bá ń bì, òróró náà lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń le jù. Pípè lójú ẹsẹ̀ ni, kí ìgò sì wà lọ́wọ́ ẹni. Mo kọ nọ́ńbà náà sí ara ògiri ilé ìdáná. Ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì tíì jáde gbé ìta.

Ti ológbò ò gùn. Ọ̀nà 31: tea tree sí ọrùn ẹran ọ̀sìn kí eégbọn lè sá. Orí ló yọ wá tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí tiwa fi ń túlẹ̀ irú òróró yìí, á kàn máa dúró sí i lára ni. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa gbọ̀n. Ajá pàápàá kì í lè fara da tea tree tí a ò là. Kùrukùru inú ẹ̀rọ náà tún máa ń bà sí irun rẹ̀, yóò sì fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, kó lè bá tirẹ̀ lọ. Ó sì máa ń lọ, pẹ̀lú ojú ẹni tí a ṣẹ̀.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Kì í pariwo. Ó máa ń pa ara rẹ̀ bí omi bá tán, ìyẹn dára. Àmọ́ iná búlúù kan wà níwájú rẹ̀ tí kò ṣeé pa, nínú ohun tí wọ́n ní kí á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn! Mo fi pílásítà bò ó. Ìwé ní ẹ̀kán 15, kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mo gbà wọ́n gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, eucalyptus ni mo fi sí i, kò sì tó wákàtí kan tí ọkọ mi fi ń wá ẹ̀rọ ìfàmu rẹ̀ nínú òkùnkùn. Òórùn líle, dídùn tàbí kíkan, lè jí àsímà dìde. Nísinsìnyí, ẹ̀kán 3 nínú milílítà 100, ìṣẹ́jú 30, mo ti pa á, fèrèsé sì ṣí. Eucalyptus kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń tan èèyàn ni pé imú tètè máa ń mọ́ra: lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó jókòó sínú yàrá ò ní gbọ́ òórùn kankan mọ́, á wá fẹ́ kán sí i. Ẹni tó bá ń wọlé bọ̀ láti ìta ni kí ẹ bi.

Omi tó bá sùn sínú rẹ̀ á bu, ẹ̀rọ á sì máa fọ́n ebu yẹn sí afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí. Mo máa ń da omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan mo ń fi fíníkà àti òwú nu ìdí rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ̀n. Ẹ sì má ṣe kán òróró ọsàn sí i kí ẹ tó bu omi sí i. Ibi tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí lára ike tèmi ti funfun, ó ti ṣá. Ohun tó jẹ ife fóòmù kò ní ṣàì tọ́ ike wò. Òróró yìí tún ń gbiná, n kì í lò ó níbi tí àbẹ́là bá wà.

Màámi fẹ́ wintergreen, òróró mìíràn, fún orúnkún rẹ̀. Kò sí nínú àpótí wa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sọ fún un. A dé ọ̀dọ̀ apòògùn, ọmọkùnrin tí kò lè ju ẹni 30 ọdún lọ, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"Màmá, oògùn wo lẹ ń lò lọ́wọ́?"

"Warfarin ni wọ́n fún mi, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má fi wintergreen kan ara yín."

"Ìpara ni mo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi. Mi ò ní mu ún."

"Awọ ara náà lẹ́nu, Màmá."

Ó ṣàlàyé pé ẹbí aspirin ni ohun tó kún inú rẹ̀, pé milílítà 5 péré ju hóró aspirin 20 lọ, àti pé bó bá pàdé warfarin nínú ara, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdá. Màámi dákẹ́ títí a fi délé. Ó wá ní, "Ọmọ yẹn ní ẹ̀kọ́." Mi ò mọ̀ bóyá ti ilé-ìwé ló ń sọ tàbí ti ìkúnlẹ̀.

Ó ku ọ̀nà 23 tí mi ò fagi lé, mẹ́rin péré nínú wọn ni mo sì ń lò gan-an. Àkọ́kọ́, ọsàn mímu fún gọ́ọ̀mù. Àwọn bébà orúkọ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìgò gíláàsì tí a bá fẹ́ tún lò: mo kán díẹ̀ sórí òwú, mo fi nù ún, mo dúró díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bọ́ bí awọ ejò. Limonene inú rẹ̀ ló ń tú gọ́ọ̀mù, òun kan náà tó jẹ ife lọ́jọ́sí. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ń fi ọṣẹ fọ ìgò náà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí nìkan ni mo ra àpótí náà fún, mi ò ní kábàámọ̀. Ìkejì, lavender lórí òwú nínú àpótí aṣọ.

Ìkẹta ni irorẹ́ tó máa ń sú sí mi lágbọ̀n. Ní 1990, wọ́n ṣe ìdánwò kan ní Ọsirélíà, ilẹ̀ tí tea tree ti wá, pẹ̀lú èèyàn 124. Wọ́n fi gẹ́ẹ̀lì tí tea tree inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún wé benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́ kan. Méjèèjì ló dín irorẹ́ kù. Ti tea tree pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, àmọ́ ìnira rẹ̀ kéré. Ibí yìí nìkan ni mo ti ré òfin ìdá 2 mi kọjá, gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti pò tán ni mo sì rà, kì í ṣe èyí tí mo fọwọ́ ara mi pò nílé.

Ìkẹrin ni oorun. Mo ń sùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 30 tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ yẹn, mo ti pa fóònù mi, iná ti lọ sílẹ̀, ọmọ ti dákẹ́. Ẹ má fi mí búra pé lavender ni. Òórùn rẹ̀ dùn mọ́ mi, káńfọ̀ rẹ̀ náà ò burú mọ́ tó ti mọ́ mi lára.

Mo ti kọ ọjọ́ tí mo ṣí ìgò kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé, òróró yìí á máa yí padà, pàápàá tea tree àti àwọn ọmọ ọsàn, èyí tó ti yí padà sì ni ara máa ń kọ̀ jù, ara á sú, á máa yún. Bí ti lẹ́mọ́nì àti ọsàn bá ti pé ọdún kan, gọ́ọ̀mù nìkan ni màá fi wọ́n bá jà.

Máàkì mi nìyí. Òróró, mẹ́rin nínú márùn-ún, mo yọ ọ̀kan torí ààbọ̀ orúkọ lavender. Ẹ̀rọ, mẹ́ta. Ìdérí ìgò, ọ̀kan, torí pé ó ń dé. Ìwé pélébé, òdo.

Mo ya àwòrán gbogbo ojú ewé tí mo fagi lé, mo fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ìdí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá mi lóhùn lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n ní ìwé tuntun ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bébà rẹ̀ nípọn, àwòrán rẹ̀ rẹwà. Ọ̀nà 45 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Mo ká a sí mẹ́rin, mo sì fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ilé ìdáná tó ti ń mì láti ọdún tó kọjá. Kò mì mọ́.